Carbon fiber lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì 54 mm: ṣé gbogbo ara ni, àbí ìdí nìkan?

Ọfà Òkè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìbú ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 54 mm ni mo ń kàn fún Level 2 (ìdánwò ìpele kejì fún àwa tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ṣeré), motor J (lẹ́tà náà ló ń sọ bí agbára motor ṣe tó) ni màá fi gbé e. Fiberglass ni ọ̀pá ara rẹ̀ àti imú rẹ̀. Ìyẹ́ mẹ́ta ló wà nídìí rẹ̀, G10 (pátákó fiberglass líle) tó nípọn ní 1.6 mm ni mo fi gé wọn. Ẹsẹ̀ ìyẹ́, ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, gùn ní 15 cm, ó sì yọ síta ní 7 cm. Ìṣirò ní á sá ju ohùn lọ díẹ̀. Mo ti ra aṣọ carbon fiber (fọ́nrán carbon tí wọ́n hun) yáàdì kan, 200 g/m². Ṣé kí n wé gbogbo ara rẹ̀ ni? Tracker GPS (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ sí) wà nínú imú, 915 MHz ló fi ń ránṣẹ́. Epoxy (gọ́ọ̀mù olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le) mélòó ni kí n pò?

Àṣá Texas
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan imú yẹn. Carbon ń gbé iná mànàmáná, ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ gbé rédíò sínú ìkòkò irin tí ẹ dé e. GPS kò ní rí sátẹ́láìtì, 915 MHz kò ní jáde, ẹ ó sì máa fẹsẹ̀ wá rọ́kẹ́ẹ̀tì kiri inú igbó. Fiberglass kì í dí rédíò, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kódà ọ̀dà tó ní lúúlúú irin nínú kò dáa fún imú.

Oníyẹ̀ẹ́
Ọ̀pá fiberglass náà kò nílò carbon, ó lè ru J. Ìyẹ́ ni kí ẹ mójú tó. 1.6 mm ti fẹ́lẹ́ jù fún eré yẹn: afẹ́fẹ́ á mú un gbọ̀n, á máa lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún títí á fi ya. Kí ó má bàa lọ́ la ṣe ń lẹ carbon mọ́ ọn, nítorí náà, ẹ gé ìpele kìíní kí fọ́nrán rẹ̀ dábùú ní 45°, kí èkejì tọ ẹsẹ̀ ìyẹ́. Aṣọ á bẹ̀rẹ̀ láti etí ìyẹ́ kan, á gba orí ọ̀pá, á dé etí ìyẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ fi sáńpépà 80 ha ojú gbogbo títí dídán á fi kúrò, kí ẹ fi sípírítì nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ po silica mọ́ epoxy kó ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣàn tí ẹ bá fi igi gbé e, kí ẹ fi dí igun ẹsẹ̀ ìyẹ́ kó yípo ní bí 10 mm. Ibí yìí niṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Carbon kì í tẹ̀ bí ànkárá: bí igun bá há, á na ara rẹ̀, á gbé kúrò, afẹ́fẹ́ á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èékánná kàn án nígbà tó bá gbẹ. Ibi tó ṣófo, ẹ óò gbọ́ ọ nínú ìró rẹ̀.

Aṣọ ìpele méjì fún àlàfo kan (àárín ìyẹ́ méjì) á wọ̀n tó 10 g. Epoxy dọ́gba pẹ̀lú aṣọ, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì á jẹ díẹ̀, ẹ po 15 g. Tó bá jẹ́ epoxy West System, 105 àti hardener 206 tó ń mú un le, 12.5 g sí 2.5 g nìyẹn. Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 g ni kí ẹ lò: bí ẹ bá fi 0.5 g péré ṣi hardener, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lẹ ṣì, kò ní le dáadáa. Àlàfo kan lẹ́ẹ̀kan, kó kọjú sókè. Ẹ ní bí ogún ìṣẹ́jú kó tó máa dì. Ẹ tẹ́ peel ply (aṣọ tí a óò bó kúrò tí epoxy bá gbẹ) lé e lórí, kí ẹ fi káàdì fún epoxy tó pọ̀jù jáde.

Ọfà Òkè
Ẹ ṣeun gan-an. Retainer aluminium (èyí tó ń di motor mú) wà nídìí, carbon á kàn án. Ṣé ó léwu?

Àṣá Texas
Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọ̀rinrin bá dé àárín wọn, aluminium á máa jẹ. Ẹ dá carbon dúró ní 5 mm sí i, tàbí kí ẹ fi fiberglass fẹ́lẹ́ sáàárín.

Oníyẹ̀ẹ́
Ohun méjì ló kù. Tí ẹ bá ń ha etí rẹ̀, ẹ fi omi sí i, ẹ wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Eruku carbon tó bá wọ inú altimeter (ẹ̀rọ tó ń wọn gíga) lè so wáyà pọ̀, kó sì dáná sí ẹ̀tù tó ń ti parachute jáde lójijì, nítorí náà ẹ fọ inú ọ̀pá kí ẹ tó kó ẹ̀rọ kankan sí i. Ẹ sì kun ìyẹ́ ní funfun. Carbon dúdú tó dúró sójú oòrùn á gbóná burúkú, epoxy tó gbẹ nínú yàrá lásán sì ti ń rọ̀ ní bí 50 sí 60 °C.