Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ gba ojú omi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Ẹ̀pẹ́

Ọmọ Ọ̀sà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ wa ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà wa yìí ló lọ bá ti Àgbádárìgì, ó tún lọ bá ti Èkó, ṣùgbọ́n ará ilé ò jẹ́ n gbádùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí mi ti dàrú. Káfíńtà tó kan ọkọ̀ náà gbowó tán, búlúù ni mo ní kó kùn ún, gíríìnì ló kùn, ọ̀dà ọ̀hún sì ti ń bó. Mo ti ra gààrí àti ẹja gbígbẹ. Kí ni mo tún máa mú dání?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, o ò sọ bí ọkọ̀ ṣe gùn tó. Ẹ́ńjìnnì ni àbí àjẹ̀? Ìwọ àti ta ni? Oṣù wo?

Bàbá Akájà: Bàbá mi ní akájà, ọgbà ẹja inú omi, lápá Aguégués. Àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n gún sómi yẹn, bí omi bá kún, wọn kì í hàn mọ́. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gorí ẹ lóru, gbogbo àgbàdo tó kó ló dà sómi. Má rìn lóru o.

Ọmọ Kétu: Kí ló dé tí o ò kúkú wọ mọ́tò?

Ọmọ Ọ̀sà: Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ fi omi sílẹ̀ fún wa jọ̀ọ́. Ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ yẹn, ibi tí wọ́n bá ti na okùn ni wọ́n ti ń gbowó. Ìyá Ìbejì, mítà mẹ́ta àtààbọ̀ ni, àjẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì: Nínú oṣù kẹwàá yìí? Tí odò Wémè ṣì kún, tí jasẹ́ǹtì, ewé tó ń léfòó yẹn, bo gbogbo ojú omi, níbo ni wàá ti àjẹ̀ bọ̀? Iyọ̀ tó ń wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa ewé yẹn. Dúró di oṣù kìíní.

Bàbá Akájà: Oṣù kìíní kẹ̀, tí ọyẹ́ ò ní jẹ́ kó ríran láàárọ̀?

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ọyẹ́ á ká tí oòrùn bá mú. Jasẹ́ǹtì kì í ká.

Ọmọ Ọ̀sà: Mi ò lè dúró. Màmá ló fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn l'Ẹ̀pẹ́ kọ́dún tó parí. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò. Mo ti tẹ́ fóòmù sáàárín ọkọ̀ fún wọn.

Ọmọ Kétu: Màmá?! Nínú ọkọ̀ yẹn?!

Bàbá Akájà: Ọmọ mi, ibẹ̀ lé ní 140 kìlómítà. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ ọ̀sán máa ń gbé ìgbì dìde níbẹ̀. Ìwọ wà lórí àjẹ̀, màmá dùbúlẹ̀, omi wọlé, ta ló máa gbọ́n ọn?

Ọmọ Ọ̀sà: Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Màmá ńkọ́?

Ọmọ Kétu: Há táksì odindi, kí wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn. Ìwọ wá gbé ọkọ̀ ẹ lọ tó bá yá.

Ọmọ Ọ̀sà: Wọn ò gbà. Omi ni wọ́n gbà wọlé ọkọ, omi ni wọ́n ní àwọn máa gbà padà. Bàbá, ṣé ẹ mọ ọlọ́kọ̀ ńlá kan tó ní ẹ́ńjìnnì, tó ń ná ọjà Àgbádárìgì? Màá sanwó, a ó wá ẹlòmíì látibẹ̀. Ibo ni wọ́n sì ti ń ta gílẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, èyí tó fẹ̀? Màmá sanra.