Àwọ̀wọ̀n kọ́, Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n wa ti Ṣàgámù, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní kí a máa pe ẹ̀rọ tí aláìsàn ń gbé sára, tó ń ka ìlù ọkàn àti èémí rẹ̀, ní "àwọ̀wọ̀n": wọ̀ ọ́, kó wọ̀n ọ́. Wọ̀n dára. "À" yẹn ni kò ṣe é gbé mì. A tí kò lámì lórí ni ti olùṣe: akọ̀wé ló ń kọ, apẹja ló ń pa. À ti àkọsílẹ̀ àti àjọyọ̀, ohun tí wọ́n ṣe ló ń dárúkọ, kì í ṣe olùṣe. Pé ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú wa, a gbà. Àmì ohùn kò mọ àgbà.

Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé àwọ̀ ara òun ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Àwọ̀ gan-an ló ń tan ẹ̀rọ náà jẹ! Láti 1974 tí Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ, ti la ọ̀nà rẹ̀ ní Japan, iná méjì ni ẹ̀rọ tí à ń há mọ́ ìka fi ń mọ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀: pupa, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nanómítà 660, àti èyí tí ojú kò rí, 940. Ara dúdú ń mu nínú iná náà, ẹ̀rọ lè kọ ọ́síjìn 92 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ti inú ẹ̀jẹ̀ gan-an kò tó 88. Kútẹ́ẹ̀sì náà ń dí i. Ẹ nù ún. Làálì kò ṣe é nù, ẹ lo ìka mìíràn. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ kọ́kọ́ ra á kó gbóná.

Wọ̀ pàápàá ní àríwísí. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà, ta ló wọ̀ ọ́? Bí òógùn tàbí irun bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà tí ẹ̀rọ fi ń ya ìlù ọkàn á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ti ọwọ́ nìkan là ń wọ̀, lókè eegun ọrùn ọwọ́: bó bá dẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ ìta á wọlé, bó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa.

Ilé là ń wò, Ẹ̀gbọ́n. "Aṣọ́lera", ohun tó ń ṣọ́ ìlera, ni mo mú wá: aṣọ́lera ọwọ́, aṣọ́lera ìka, aṣọ́lera àyà, bí a ṣe ń sọ pé agogo ọwọ́.

Ní ti "àmì ẹ̀mí", ìyẹn "vital signs" àwọn dókítà, tí àbúrò wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó fi tì yín lẹ́yìn, ta ló rí ẹ̀mí kà? Èémí là ń kà, 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Kó yọ ọ́ kúrò, tàbí kó wá gbèjà rẹ̀.