Ohun tí ọwọ́ mọ̀ tí ẹnu kò lè sọ: ìrírí wa lórí ìdánwò ìwé-ẹ̀rí oníṣẹ́ iná

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ iná, mo kí gbogbo yín. Ẹnìkan nínú wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè lánàá pé kí àwa tí a ti ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí rí sọ bí a ṣe múra sílẹ̀ fún un, nítorí pé tirẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, bí ó ṣe rí gan-an ni màá sì ṣe sọ ọ́.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń ṣe wáyárìn ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó jókòó ṣe ìdánwò kankan. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìta Ọṣù ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi sìn ín kí ó tó ṣe fíríìdọ̀mù fún mi, láti ìgbà náà wá iṣẹ́ kò sì wọ́n mi, pàápàá nígbà tí ọdún Iléyá bá ń bọ̀, tí olúkúlùkù onílé ń fẹ́ kí ilé òun tàn rekete kí àwọn àlejò Ojúde Ọba tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ bá wọn du iṣẹ́ ilé-ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n ní kí n mú ìwé-ẹ̀rí NEMSA wá. NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin fún láṣẹ láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò kí wọ́n tó so ó mọ́ iná ìlú, òun náà ló sì ń dán àwa oníṣẹ́ wò tí ó ń fún wa ní ìwé-ẹ̀rí. Kò sí lọ́wọ́ mi. Ìwé Trade Test ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tí a ń gùn láti ìpele kẹta sí èkejì títí dé èkíní, òun náà kò sí lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ náà bọ́.

Mo lọ forúkọ sílẹ̀, mo sì gbà pé ọdún méjìlélógún tó láti gbé mi kọjá. N kò ṣí ìwé kankan. Nígbà tí ó kàn mí láti jókòó síwájú àwọn olùdánwò, ẹni tó wà láàárín bi mí léèrè ìdí tí a fi ń ri irin éètì mọ́lẹ̀ fún ilé. Mo ní kí iná má baà gbé ènìyàn ni. Ó mi orí, ó tún bi mí pé báwo ni irin tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé ṣe ń ṣe é tí iná kò fi ní gbé ẹni tó fọwọ́ kan fíríìjì nínú ilé ìdáná. Ẹ̀yin ará, mo ti ri irin éètì mọ́lẹ̀ ju iye tí mo lè kà lọ, mo ti da èédú àti iyọ̀ yí i ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ilẹ̀ tó ti gbẹ lè gba iná dáadáa, síbẹ̀ n kò rí gbólóhùn kan sọ. Ẹnu mi gbẹ. Wọn kò pariwo mọ́ mi, wọn kò sì fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n kàn kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ ni, mo sì mọ̀ kí n tó dìde pé mo ti fìdí rẹmi.

Inú bí mi fún bí oṣù méjì. Mo ń sọ kiri pé ìwé ni wọ́n ń wá, wọn kò wá oníṣẹ́. Nígbà tí ara mi rọ̀ tán ni mo tó gbà pé bí a ti ń ṣe é ni ọ̀gá mi kọ́ mi. Ìdí tí a fi ń ṣe é, òun pàápàá kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tirẹ̀, èmi náà sì ti ń gbé àìmọ̀ yẹn lé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe múra fún ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí. Ní alaalẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ó rẹ gàrí wa, màá sì mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé, màá ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní Yorùbá pọ́ńbélé títí òun náà yóò fi lè ṣàlàyé rẹ̀ padà fún mi. Bí kò bá yé e, a jẹ́ pé kò tíì yé èmi náà nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé, “Ọ̀gá, nígbà tí bíréékà ti wà nínú bọ́ọ̀dù, kí la tún ń náwó lé RCD lórí sí?” Ó kù díẹ̀ kí n dáhùn pé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, ni mo bá rántí ojú olùdánwò yẹn, mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ kà á wá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á. Bíréékà 32 áńpíà kò ní já àfi bí iná tó ń gba inú wáyà bá ju èyí tí wáyà náà lè gbé lọ, bẹ́ẹ̀ iná tó lè dá ọkàn ènìyàn dúró kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpíà kan. Wáyà ni bíréékà ń ṣọ́. RCD ní tirẹ̀ ń ka iná tó gba láìfù jáde àti èyí tó gba niútírà padà, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ́jà tó rán ọmọ níṣẹ́ ṣe ń ka ṣéńjì. Bí nǹkan bíi 30 mílí-áńpíà bá ti dín nínú èyí tó padà, ó mọ̀ pé ó ti gba ibòmíràn lọ, ó lè jẹ́ ara ènìyàn, yóò sì já lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ náà báyìí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ọ̀gá, ṣé kò wá sí nínú ilé tí a ṣe ní Mọ̀bálùfọ̀n nìyẹn?” Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti yé mi ní Yorùbá ni mo tó ń wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi mí. Ẹni tó bá há Gẹ̀ẹ́sì sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kejì ni yóò tú u.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìwé àtijọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní láìfù pupa ni, niútírà dúdú ni, ó sì ní bí a bá fi megger, ẹ̀rọ tí a fi ń wò bí rọ́bà ara wáyà ṣe ń dá iná dúró tó, wọn ìdábòbò wáyà, tí ó bá jẹ́ ààbọ̀ mẹ́gà-óòmù, ó ti tó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń tẹ̀lé ìwé òfin wọn ti yí àwọ̀ padà sí búráùn àti búlúù láti 2004, nígbà tí ó sì di 2008 wọ́n sọ ìwọ̀n náà di 1 mẹ́gà-óòmù. Ẹ mọ méjèèjì, torí méjèèjì ló wà lára ògiri ilé wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó dá yín lójú èwo ló jẹ́ ti òní. Mo yege ní ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Láti Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú wa. Tèmi yàtọ̀ sí tiyín, torí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo gbà wọ inú iṣẹ́ yìí, mo sì ti ní ìwé-ẹ̀rí NABTEB kí n tó fọwọ́ kan iná nínú ilé oníbàárà kankan. Obìnrin ni mí, ó sì pẹ́ kí àwọn ènìyàn Ṣágámù tó gbà pé èmi gan-an ni oníṣẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ìbéèrè ìwé kò bà mí lẹ́rù rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ti kọsẹ̀ nínú Trade Test.

Wọ́n ní kí n fi súìṣì méjì darí gílóòbù kan lórí pákó, irú èyí tí à ń ṣe fún àtẹ̀gùn kí ènìyàn lè tàn án nísàlẹ̀ kí ó sì pa á lókè. Mo yà á sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, mo sì so ó tán, gílóòbù tàn. Inú mi ti ń dùn. Olùdánwò kò wo gílóòbù. Ó tú wáyà kan kúrò lẹ́nu súìṣì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bàbà inú rẹ̀ sì ṣẹ́ sí i lọ́wọ́. Abẹ tí mo fi bó ara wáyà ni mo ti fi yí i po bí ẹni ń gé orí ìrèké, tí ó sì ti gé wọ inú bàbà láìjẹ́ pé mo rí i.

Lẹ́yìn náà ni mo tọ bàbá kan lọ ní Sábó, oníṣẹ́ iná tí kò kàwé púpọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbà mí fún oṣù mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wáyà bíbó nìkan ni ó fi mí sí. Ó ní kí n dá abẹ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n máa fá a síwájú, bí ọmọ iléèwé ṣe ń gbẹ́ pẹ́ńsù, kí n má yí i po láéláé. Àjákù wáyà ló kó fún mi kún garawa kan. Ó máa ń di ojú, á fi ìka tọ ìdí ibi tí mo bó, bí ó bá ti bá àlà kan níbẹ̀, á ju wáyà náà sílẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Nígbà tí mo padà lọ, olùdánwò tún tẹ wáyà mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti iléèwé wá, ẹ má fi àkókò ìmúrasílẹ̀ yín ka ohun tí ẹ ti mọ̀ ní àkàtúnkà.

Láti Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ ọdún 58 ni mí, ojú mi kò sì gba lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ìṣirò ló dí mi lọ́wọ́ ní tèmi, ọmọ mi tó wà ní iléèwé girama ló sì kọ́ mi. Kò rọrùn fún bàbá láti jókòó síwájú ọmọ rẹ̀ kí ọmọ máa sọ pé, “Bàbá, ẹ tún un ṣe,” ṣùgbọ́n mo jókòó.

Ohun tó là mí lójú ni iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe tipẹ́, tí oníbàárà fi ń ráhùn pé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ní ilé kékeré ẹ̀yìn ilé òun kò yá. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti ọmọ mi wá fi ṣe ìṣirò lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ náà jẹ́ 3,000 wáàtì, bí a bá fi 230 fólítì pín in, ó ń fa nǹkan bí 13 áńpíà. Wáyà 2.5 (ìyẹn mílímítà onígun mẹ́rin tí bàbà inú rẹ̀ fẹ̀ tó) ni mo fà fún un, láti bọ́ọ̀dù dé ibẹ̀ sì jẹ́ mítà 60. Ìwé sọ pé wáyà 2.5 ń pàdánù 18 mílí-fólítì lórí áńpíà kọ̀ọ̀kan ní mítà kọ̀ọ̀kan. A fi 13 sọ 60 di púpọ̀, a tún fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 14,040 mílí-fólítì, ìyẹn fólítì 14 ó lé díẹ̀ tó ń run sójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin gbà, èyí tí í ṣe 11.5. Ká ní wáyà 4 ni mo fà, tí tirẹ̀ jẹ́ 11, kò ní kọjá 8.6. Iná ìlú tí kì í sábàá pé 230 lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ni mo tún ń já gbà lójú ọ̀nà.

Mo jókòó síbẹ̀ títí ọmọ fi lọ sùn. Ẹ̀rọ méjì ni mo ti jẹ́ kí oníbàárà yẹn fi owó rẹ̀ rà. Ìṣirò tí ẹ ń sá fún yìí, inú iṣẹ́ yín ló wà. Ẹ mú ilé tí ẹ ti ṣe, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà wáyà rẹ̀, kí ẹ ṣe ìṣirò tirẹ̀. Àpẹẹrẹ inú ìwé kò wọ orí mi, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé ti ilé yẹn mọ́ láéláé.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo béèrè. Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi tí mo ti ń fi ilé ara mi kọ́ bí a ti ń wọn ìdábòbò wáyà. Mo pa iná ńlá, mo so megger, mo tẹ ẹ́, ó ní kò sí ìdábòbò rárá. Mo rò pé wáyà mi ti jẹrà. Àwọn gílóòbù LED ni mo gbàgbé sórí ilà, àwọn ni 500 fólítì náà ń gba inú wọn kọjá, mẹ́ta nínú wọn kò sì tàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Kí ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, kí ni ó sì tẹ̀lé e? Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ń dàrú mọ́ mi lórí.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò mi, rántí rẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fi iná sí ilé tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó pé. Nítorí náà, nígbà tí iná kò tíì sí níbẹ̀, kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà éètì já níbì kan, nítorí òun ni gbogbo àyẹ̀wò yòókù gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, yọ gílóòbù àti gbogbo ohun tó ń lo iná, kí o wọn ìdábòbò. Tẹ̀ lé e, wò ó pé láìfù ló gba inú súìṣì, pé kì í ṣe niútírà. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti dára ni o tó lè gba iná wọlé, kí o wá wọn ọ̀nà tí iná yóò gbà bí láìfù bá kan éètì, kí o sì tẹ RCD wò. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìdí tí èyí fi ṣáájú ìyẹn, sọ fún wọn pé èyí tó wà níwájú ló ń dáàbò bo ìwọ tí o ń ṣe èyí tó wà lẹ́yìn.

Ní ti ilé Mọ̀bálùfọ̀n, mo padà lọ. Baálé ilé bi mí pé ṣé n kò ṣe é dáadáa tẹ́lẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà náà ni mo ṣe ṣe é, owó RCD nìkan ni mo sì gbà. Ọmọ iṣẹ́ mi ló so ó, èmi ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Mo ti kọ gbogbo ilé tí mo rántí pé mo wáyà láti ìgbà fíríìdọ̀mù mi sínú ìwé kékeré kan, mo ti dé mọ́kànlá nínú wọn. Ìgbẹ́ba ló kàn ní ọ̀la.