Ṣé màámi lè sọ̀ dé odò ní Grand Canyon lóṣù keje?

Ọmọ Òkè Àdó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Phoenix ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti màámi, oṣù keje la máa lọ, ó sì ní òun máa gbé wa lọ wo Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá tó wà ní Arizona níbẹ̀. Màámi ti pé 66, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ṣùgbọ́n wọn kì í fi oògùn wọn ṣeré, ara wọn sì le, wọ́n bá ẹgbẹ́ ìyá ìjọ gun Òkè Ìdànrè dókè pátápátá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn máa sọ̀ dé ibi odò tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ti rí i nínú fídíò, àwọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan omi yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó bá ti débẹ̀ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣe é ṣe?

Màpó dé Arizona:
Ẹ má jẹ́ kí màmá sọ̀ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ìdànrè tí wọ́n gùn yẹn, gígòkè ló kọ́kọ́ wá, tó bá rẹ èèyàn á padà, sísọ̀ ló kù. Ti ibí yìí yàtọ̀, sísọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀, ẹsẹ̀ á máa yá, ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀nà ti jìn, ìgbà tẹ́ ẹ bá yíjú padà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Láti South Rim, ìyẹn etí ọ̀gbun níhà gúúsù, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tààrà lọ sísàlẹ̀ dé odò Colorado, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì kan gbáko, ọ̀nà Bright Angel tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn sì lé ní máìlì 7 ní àlọ nìkan. Lókè afẹ́fẹ́ lè tura, nísàlẹ̀ lóṣù keje ooru máa ń ju 40°C lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ń kìlọ̀ pé kéèyàn má lọ dé odò kó tún padà lọ́jọ́ kan náà, àti pé láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kéèyàn má rìn nísàlẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Mọ́níyà:
Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà wọn, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú kéèyàn tọ̀ púpọ̀, kò sì dáa pẹ̀lú ooru. Omi nìkan ò tó o, ẹni tó ń làágùn tó ń mumi ṣáá láìjẹun, iyọ̀ ara ẹ̀ á lọ sílẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, ọkàn ẹ̀ á dàrú. South Rim náà ga tó nǹkan bíi 7,000 ẹsẹ̀ bàtà, èémí lè má délẹ̀ fún ará Ìbàdàn, ẹ rọra máa rìn.

Ìyá Ìbejì Àpáta:
Mo mú ìyá ọkọ mi lọ. Ọ̀nà etí òkè tí wọ́n ń pè ní Rim Trail tẹ́jú, wọ́n dà á dáadáa lọ́pọ̀ ibi, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ sì ń gbé èèyàn kiri. Màmá jókòó ní Mather Point, ibi tí wọ́n ti ń wo ọ̀gbun náà, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí wọ́n máa lanu, oríkì Ọlọ́run ni wọ́n ń kì. Ẹ di ọwọ́ wọn mú o, ibi tí kò ní irin ìdábùú pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín lọ síbi afárá gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Skywalk kẹ́ ẹ rò pé ọ̀kan náà ni, ilẹ̀ ẹ̀yà Hualapai, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, nìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe inú ọgbà ìjọba.

Ọmọ Òkè Àdó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kà á fún wọn, wọ́n gbà, àmọ́ ojú wọn fà ro. Omi yẹn ló wà lọ́kàn wọn.

Màpó dé Arizona:
Omi ò ní ṣòro jàre. Ní ọjọ́ kejì ẹ wa mọ́tò lọ sí Lees Ferry, ó lé ní wákàtí méjì láti South Rim, odò Colorado kan náà ni, mọ́tò ń dé etí ẹ̀ gan-an. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Kí màmá má wọnú ẹ̀ o, ó ń ṣàn gidi, ọwọ́ nìkan ni kí wọ́n tì bọ̀ ọ́. Á ta wọ́n jí, torí ìsàlẹ̀ dáàmù Glen Canyon ló ti ń tú jáde, ó tutù rinrin nínú ooru yẹn.