Kí lẹ fi ń mọ fíìmù, orin tàbí eré tẹlifíṣọ̀n tí kò lábùkù?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Láti bí ọdún méjì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ títo fíìmù, adùn ti kúrò nínú fíìmù wíwò fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, èmi àti ìyàwó mi jókòó ti fíìmù kan. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, ife omi kan wà láàárín wọn. Nígbà tí kámẹ́rà ń wo bàbá, omi inú ife kò ju ìdajì lọ. Wọ́n yí i sọ́dọ̀ ọmọ, ife kún dẹ́nu. Wọ́n padà sọ́dọ̀ bàbá, ó tún di ìdajì. Mo pariwo, "Wo omi yẹn!" Ìyàwó mi kò dá mi lóhùn. Mo wojú rẹ̀, omijé ló ń nù. Ó dìde, ó ní kí n máa wò ó lọ.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò mọ ohun tí bàbá yẹn sọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń wò kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ kan kò lábùkù? Ṣé irú rẹ̀ tiẹ̀ wà, àbí ohun tí a bá ti fẹ́ràn la kì í rí àléébù rẹ̀?

Agbóhùn:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ìran kan náà ni wọ́n ń yà láyàtúnyà, òṣèré á sì mu omi díẹ̀ láàárín. Ẹni tó ń tò ó á wá mú ibi tí òṣèré ti ṣe é dé ọkàn jù. Ó ṣeé ṣe kó rí omi yẹn kedere, kó sì yàn án bẹ́ẹ̀. Walter Murch, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ títo fíìmù, pín ohun tó ń wò kó tó gé ìran sí ọ̀nà mẹ́fà. Nínú 100, ó fún ìmọ̀lára ní 51. Pé kí èèyàn àti nǹkan wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà nínú yàrá, 4 péré ló fún un.

Ìdákẹ́jẹ́ lèmi fi ń dán fíìmù wò. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìró tirẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí a bá ya ìran tán, a máa ń ní kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí á gba ìró yẹn sílẹ̀. Òun la fi ń dí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣe yín, ṣùgbọ́n ẹ ó kàn rí i pé ọkàn yín ti kúrò níbẹ̀. Àbùkù lèmi ń pe ìyẹn, kì í ṣe omi inú ife.

Ọmọ Onílù:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orin. Ọdún 1959 ni Miles Davis, afunfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àwo orin Kind of Blue sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó gba orin mẹ́ta àkọ́kọ́ ń lọ́ra díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ tó ń yí bó ṣe yẹ tẹ̀ ẹ́ sórí àwo, orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yára, ohùn wọn sì ròkè díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fọn ọ́n lọ. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tẹ èyí tí wọ́n tún ṣe jáde. Ọdún 33 gbáko! Gbogbo àkókò yẹn, àwọn èèyàn ń pè é ní àwo tí kò lábùkù, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Èmi fúnra mi ti ba orin jẹ́ rí. Mo fi kọ̀ǹpútà fa ìlù kọ̀ọ̀kan sórí ìlà, tí kò sí èyí tó yá jù tàbí tó pẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ mi tó lu ìlù náà gbọ́ ọ, ó bi mí pé, "Ta ló ń lù yìí?" Mo dá gbogbo rẹ̀ padà lóru ọjọ́ náà. Orin tí kò lábùkù lójú tèmi ni èyí tí mo bá yọ ohun kan nínú rẹ̀, tí mo sì ń wá a.

Ìyá Ìbejì:
Mo gbọ́ tiyín o, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká torí ìfẹ́ bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ òṣèré kò bá ṣeé gbọ́, àbùkù ni.

Ní ti eré tẹlifíṣọ̀n, èmi kì í pè é ní aláìlábùkù kó tó parí, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń kọ lọ bí wọ́n ṣe ń fi hàn lọ. Ìwà ni mo ń ṣọ́. Mo wo eré kan tí obìnrin kan ti ń bẹ̀rù odò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé odò ló gbé àbúrò rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọdún kẹta eré náà, ó bẹ́ sódò, ó ń wẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó yí i padà. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹwà àwòrán tó lè tún ìyẹn ṣe.

Bàbá, ẹ gbé rìmóòtù jìnnà sọ́wọ́ yín nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń wo nǹkan. Ìgbà kejì ni kí ẹ wá fi ojú iṣẹ́ wò ó.

Òǹwòran:
Kí ẹnikẹ́ni má sì fi máàkì tan ara rẹ̀. 100 lórí Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń ṣàkójọ èrò àwọn alámèyítọ́ fíìmù, kò sọ pé fíìmù gba 100 nínú 100. Ó kàn sọ pé gbogbo alámèyítọ́ tí wọ́n kà ló ní ó dára, ì báà ṣe pé díẹ̀ ló fi dára.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo bẹ ìyàwó mi, a sì tún fíìmù náà wò lálẹ́ àná. Òun ló mú rìmóòtù. Mo rí omi yẹn, ó ṣì ń kún, ó ṣì ń fà. Bàbá náà ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ka gbogbo lẹ́tà tó kọ, ojú ló ti òun tí òun kò fi fèsì. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Agbóhùn, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pẹ́, mo sì gbọ́ ìró yàrá náà lábẹ́ rẹ̀.