Egungun kẹ̀kẹ́ tí mo fi idẹ jó fún ẹ̀gbọ́n mi ní Sábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ga gan-an. Gbogbo kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ń ti Kútọnu gòkè wá sí Sábẹ̀ ló kéré sí wọn. Bí wọ́n bá ń gùn ún, orúnkún wọn á máa kọ lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bó bá dalẹ́, ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, èmi ni màá ṣe tiwọn. Iṣẹ́ jórinjórin ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, láti gìgísẹ̀ dé abẹ́ itan: 94 cm. Ẹ fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 83 cm. Bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó sí ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí. Mo ya egungun kẹ̀kẹ́ náà sórí pátákó bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́, ọ̀pá iwájú ní igun dígírì 72, ti ìjókòó ní 73.

Ọ̀pá kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́, iná mànàmáná tí mo fi ń jó ilẹ̀kùn á dá a lu. Gáàsì àti idẹ ni mo lò. Kí n tó tanná rárá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi fáìlì ha ẹnu àwọn ọ̀pá kí wọ́n lè gbá ara wọn mọ́ra. Màá gbé e sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi bórásì, ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí idẹ lè lẹ̀ mọ́ irin, kùn ún, mo jẹ́ kí irin pọ́n bí ẹyìn, mo wá fi idẹ kàn án. Irin ò ní yọ́ o! Idẹ nìkan ló ń yọ́, tó sì ń wọ àárín wọn bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. N kò rí ohun tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ yìí.

Apá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni mo ti jìyà. Mo jó apá òsì tán kí n tó bọ́ sí ọ̀tún. Nígbà tó tutù, mo ta okùn láti ọ̀pá iwájú yí ẹ̀yìn ká padà wá síwájú: ó fi 31 mm jìnnà sí ọ̀pá ìjókòó lápá kan, 25 mm lápá kejì. Iná ti fà á. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Tú u." Ó dùn mí wọra, mo sì tú u. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ́kọ́ kán idẹ díẹ̀ díẹ̀ síbi mẹ́rin, mò ń ti òsì bọ́ sí ọ̀tún, mo sì fi irin 130 mm há àárín ẹ̀yìn kó má baà sún mọ́ra. Ó gún.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi í ru iṣu bọ̀ láti oko lọ́nà Kaboua báyìí. Ìyàwó wọn náà ti ní kí n wọn ẹsẹ̀ àwọn: 71 cm. Mo ti ń yà á.