Ọjọ́ kan ní Capri láti Naples: ọkọ̀ wo ni ká wọ̀?

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyá mi ń lọ sí Naples ní Ítálì lóṣù keje. A fẹ́ fi ọjọ́ kan dé erékùṣù Capri, ká lọ láàárọ̀, ká padà nírọ̀lẹ́. Màmá ti lé ní 60 ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì wọ ọkọ̀ ojú òkun rí. Ọkọ̀ wo ló dáa? Ṣé wọ́n á lè wọ ihò omi aláwọ̀ búlúù yẹn?

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yọ́):
Ẹ kú ìmúra. Ọkọ̀ oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ń sáré ń gbéra ní Molo Beverello, ó ń lò tó ìṣẹ́jú 50. Èyí tó tóbi ń gbéra ní Calata Porta di Massa, ó lè lò tó ìṣẹ́jú 80. Ẹ wo orúkọ èbúté lórí tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, torí ẹni tó bá ṣì í ọkọ̀ á já a sílẹ̀.

Nítorí màmá, ńlá ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ìgbì kì í fì í bíi ti kékeré, bí afẹ́fẹ́ bá sì le, ọkọ̀ tó ń sáré ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró. Kí wọ́n jókòó sí àárín, kí wọ́n máa wo ọ̀ọ́kán, kí wọ́n má tẹjú mọ́ fóònù. Oògùn èébì, kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ ni wọ́n ń lò ó. Tí inú bá ti ń rú, ó ti pẹ́ jù. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi apòògùn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ pọ̀ mọ́ ti àlọ, torí èrò ìrọ̀lẹ́ máa ń pọ̀ gan-an.

Àrìnká (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ní ti ihò náà, Grotta Azzurra, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò rọrùn fún orúnkún wọn. Ẹnu rẹ̀ ò ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ sókè omi. Ẹ máa kúrò nínú ọkọ̀ kan bọ́ sínú kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lórí omi tó ń mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ á dùbúlẹ̀ gbalaja, atukọ̀ á wá di ṣéènì ara àpáta mú, á fà yín wọlé nígbà tí ìgbì bá lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í bí òkun bá ru, kódà bí oòrùn ń ràn yòò. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́: oòrùn ń gba ihò mìíràn lábẹ́ omi wọlé, omi á gbé àwọ̀ pupa mì, búlúù nìkan á ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lẹ máa lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó sì sanwó, ti ọkọ̀ àti ti ẹnu ihò.

Òkè Monte Solaro ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ. Mítà 589 ló ga, àga orí wáyà ló ń gbéni lọ láti Anacapri, ìlú kan ní erékùṣù náà, ẹnìkan lórí àga kan, bí ìṣẹ́jú 13. Àga náà kì í dúró: wọ́n á dúró sójú àmì, á dé látẹ̀yìn, wọ́n á jókòó, òṣìṣẹ́ á sì fa irin bò wọ́n. Kí wọ́n má ró ìró tó gùn o, kí ó má baà há. Gèlè náà, ẹ fi sílé.

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ ṣeun gan-an, Solaro ni a ó lọ. Báwo la ṣe ń dé Anacapri láti èbúté?

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yọ́):
Bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà wà ní Marina Grande, èbúté Capri tí ọkọ̀ yín máa gúnlẹ̀ sí. Ó kéré, èrò sì pọ̀, torí náà ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ wọ̀ láti Naples. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ gba Scala Fenicia, ẹ má dáhùn: àtẹ̀gùn 921 ni. Ẹ gbé omi àti fìlà dání, kí màmá wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, torí òkúta ló wà létí òkun níbẹ̀, kì í ṣe iyanrìn.